Ọgbà Ẹranko: Ta Ló Ń Jàǹfààní Rẹ̀, Èèyàn Tàbí Ẹranko?

Bí ọdún Iléyá bá ti di ọjọ́ kejì, tí àwọn ọmọ ti jẹ ẹran yó, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi òbí ni pé, "Níbo la ń lọ lónìí?" Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń forí lé ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Kano, èrò a máa wọ́ lọ sí ọgbà ẹranko ìlú náà bí omi. Àwọn ọmọ á wo kìnìún, wọ́n á fi ọ̀bọ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ju ẹ̀pà sí i bí òṣìṣẹ́ ọgbà bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń béèrè pé kí ni kìnìún yẹn ń ṣe níbẹ̀, ta ló mú un wá, àti pé nítorí kí ni.

Ìbéèrè yẹn yẹ ní bíbéèrè. Àwọn ẹranko kan wà lórí ilẹ̀ ayé lónìí tó jẹ́ pé, lẹ́yìn Ọlọ́hun, ọgbà ẹranko ni kò jẹ́ kí wọ́n run tán. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ọgbà ẹranko gan-an ni ìyà ti jẹ wọ́n kú. Orúkọ kan náà là ń pe ibi méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọwọ́ ọba ló ti bẹ̀rẹ̀

Kí ọgbà ẹranko tó di ibi tí ará ìlú ń wọ̀, ohun ọlá ọba ni. Ọba tó bá ní kìnìún àti erin láàfin, gbogbo àlejò ló máa mọ̀ pé apá rẹ̀ gùn. Ẹranko tún jẹ́ ẹ̀bùn láàárín ọba sí ọba. Harun al-Rashid, Kálífà Baghdad, fi erin kan tó ń jẹ́ Abul-Abbas ránṣẹ́ sí Charlemagne, ọba àwọn Frank ní Yúróòpù, erin náà sì dé Aachen ní ọdún 802. Ní ọdún 1827, àgùnfọn kan tí Muhammad Ali tó ń ṣàkóso Íjíbítì fi ta ọba ilẹ̀ Faransé lọ́rẹ fẹsẹ̀ rìn láti etíkun Marseille títí dé Paris, tí àwọn èèyàn ń tú jáde ní ìlú kan dé èkejì láti wò ó. Ó gbé ọdún méjìdínlógún sí i ní Paris kó tó kú.

Àṣà yìí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo ẹranko panda ti ilẹ̀ China. Àwọn ará China kì í fi ta orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́rẹ mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń yá wọn, tí ọgbà tó bá gbà á á sì máa san owó tó lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún lórí takọtabo. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, òwò sì ni pẹ̀lú.

Ọgbà ẹranko tó pẹ́ jù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní ni ti Schönbrunn ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ọdún 1752 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nínú ọgbà ààfin. Ti London yàtọ̀ díẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ló ṣí i ní ọdún 1828 kí wọ́n lè máa fi ẹranko ṣe ìwádìí, ó sì tó 1847 kí wọ́n tó gba ará ìlú láàyè láti máa sanwó wọlé. Ti Giza ní Cairo ṣí ní ọdún 1891. Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1948 ni wọ́n dá ti Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, ẹranko díẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko máa fi kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà yẹn, inú àgò onírin kékeré ni ẹranko ń gbé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Carl Hagenbeck, ará Hamburg ní Jámánì, ló yí i padà ní ọdún 1907. Ó mú irin kúrò, ó gbẹ́ yàrà jíjìn yí ibùgbé ẹranko ká, bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ yàrà yí ìlú ká láyé ogun, tó fi jẹ́ pé òǹwòran á rí kìnìún ní gbangba láìsí irin láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko tó dára lónìí ló kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hagenbeck yìí kan náà máa ń kó èèyàn láti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣe àfihàn fún àwọn òyìnbó bíi pé ẹranko ni wọ́n. Kì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 1906, ọgbà ẹranko Bronx ní New York fi Ota Benga, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Congo, sínú ilé tí wọ́n kó àwọn ọ̀bọ sí, kí èrò máa wá wò ó. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ pásítọ̀ nílùú náà ló fàáké kọ́rí kí wọ́n tó mú un jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló gbẹ̀mí ara rẹ̀. A kò lè sọ ìtàn ọgbà ẹranko kí a fo èyí.

Maha, ẹranko tó kú tán láginjù tó sì padà wá

Nínú gbogbo ohun tí ọgbà ẹranko ti ṣe, èyí tó wù wá jù láti sọ ni ti ẹranko kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Òyìnbó ń pè é ní oryx, àwọn Lárúbáwá ń pè é ní maha. Ẹ fojú inú wo àgbọ̀nrín funfun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, tó ní ìwo méjì tó gùn, tó sì tọ́ bí ọ̀pá. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìwo méjèèjì á di ọ̀kan lójú yín. Ọlọ́hun dá a fún aṣálẹ̀: ara funfun rẹ̀ kì í gba oòrùn mọ́ra, ó sì lè wà fún ọjọ́ púpọ̀ láìdé ibi omi, nítorí ó ń rí omi lára ewéko tó ń jẹ àti ìrì òwúrọ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn Bedouin ń dọdẹ rẹ̀ lórí ràkúnmí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó bá pa ọ̀kan, akọni ni. Maha kò sì fi ìyẹn run. Ohun tó run ún ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ìbọn ayọta lẹ́raléra, tó wọ aṣálẹ̀ lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì dé. Ọkọ̀ kì í rẹ̀. Ní bí ọdún 1960, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, ní ìhà gúúsù.

Ní 1962, ẹgbẹ́ kan ní London tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ rán àwọn èèyàn lọ sí agbègbè Aden, Ian Grimwood tó jẹ́ ọ̀gá àwọn olùṣọ́ ẹranko ìgbẹ́ ní Kenya ló ṣáájú wọn. Mẹ́rin péré ni wọ́n rí mú. Ọ̀kan kú, ó ku mẹ́ta. Ọgbà ẹranko London fi ọ̀kan kún un, ọ̀kan wá láti Kuwait, Ọba Saud ti Saudi Arabia sì fi mẹ́rin sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Phoenix ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé aṣálẹ̀ gbígbóná ni ibẹ̀ náà. Ní 1972, ọdẹ yìnbọn pa àwọn tó kù kẹ́yìn nínú igbó, ní aṣálẹ̀ Oman. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí maha kan tó ń rìn fàlàlà mọ́ níbikíbi láyé. Gbogbo èyí tó kù, inú àhámọ́ ni wọ́n wà.

Àmọ́ àwọn mẹ́sàn-án yẹn bí, àwọn ọmọ wọn náà bí. Nígbà tí wọ́n pọ̀ tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn padà. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Jordan. Ní 1982, Sultan Qaboos ti Oman ní kí wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀ ní Jiddat al-Harasis, aṣálẹ̀ tí ọdẹ ti pa èyí tó kẹ́yìn ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn ará Harasis, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ni ìjọba gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 1996, maha tó wà níbẹ̀ ti tó bíi 450, ilé-iṣẹ́ UNESCO sì ti kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ibí yìí ni ì bá dára kí ìtàn náà parí sí, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Láti 1996, àwọn ọdẹ tún padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹran ni wọ́n ń wá. Ààyè ni wọ́n ń mú un, pàápàá abo àti ọmọ, kí wọ́n lè tà á fún àwọn olówó tó ń kó ẹranko jọ sí ọgbà àdáni wọn. Nígbà tó fi di 2007, nǹkan bíi 65 ló kù. Ìjọba Oman tún gé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà kúrò lára ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni UNESCO yọ ibẹ̀ kúrò nínú ìwé rẹ̀, ibi àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí.

Kí ló wá gba maha là? Ohun tó gbà á là ni pé Oman nìkan kọ́ ni ibi tó wà. Saudi Arabia ti tú tiwọn sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lágbègbè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọgbà ẹranko káàkiri ayé sì ní tiwọn lọ́wọ́. Ní 2011, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ipò àwọn ẹranko lágbàáyé sọ pé maha tó wà nínú igbó ti lé ní 1,000. Maha ni ẹranko àkọ́kọ́ tó kúrò lára àwọn tó ti run tán nínú igbó, tó sì gòkè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú Qatar ti rí orí rẹ̀ lára ìrù ọkọ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé owó ìyá ni ẹranko inú ọgbà. Ilé tó bá fi í pa mọ́ ti ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí àwọn tó wà nílé, tí wọ́n ni igbó, kò bá tọ́jú igbó, kò sí ibi tí a máa dá a padà sí.

Ìwé ìran àti ẹ̀jẹ̀ inú yìnyín

Kì í ṣe maha nìkan. Ẹṣin ìgbẹ́ ilẹ̀ Mongolia tí wọ́n ń pè ní Przewalski, ọdún 1969 ni wọ́n rí i kẹ́yìn nínú igbó. Àwọn tó wà lónìí, ara ẹṣin díẹ̀ tó wà nínú ọgbà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ti dá wọn padà sí Mongolia láti 1992.

Ìṣòro tó wà nínú irú iṣẹ́ yìí ni pé bí ẹranko bá kéré níye, ẹ̀gbọ́n á máa gun àbúrò, àrùn ìdílé á sì máa jáde lára ọmọ. Ohun tí àwọn ọgbà ẹranko ṣe sí i ni ìwé ìran. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tàbí nọ́ńbà, wọ́n kọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti ìlú tó wà. Ọgbà ẹranko Prague ló ń tọ́jú ìwé ti ẹṣin yìí fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí abo kan lóyún, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, bí àgbà ìdílé ṣe máa ń wádìí kó tó gbà kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ ẹnìkan. Ọgbà ẹranko San Diego ní Amẹ́ríkà tún lọ jìnnà sí i: láti 1972 ni wọ́n ti ń gba ohun kéékèèké lára awọ ẹranko, tí wọ́n ń fi í sínú òtútù tó le ju yìnyín lọ. Ní 2020, wọ́n fi èyí tí wọ́n gbà lára akọ ẹṣin Przewalski kan ní ogójì ọdún ṣáájú bí ọmọ ẹṣin tuntun. Àwọn kan lára wa lè ní ìbéèrè lórí irú iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n ní in.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù ni ti àrùn. Ní 1999, àwọn àgbàlagbà kan ní New York bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn, ọpọlọ wọn ń wú. Àwọn onímọ̀ ìlera ìjọba sọ orúkọ àrùn kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tracey McNamara, dókítà ẹranko ní ọgbà Bronx, kò gbà. Kannakánná ń já bọ́ kú káàkiri ìlú, flamingo inú ọgbà rẹ̀ náà ń kú, bẹ́ẹ̀ àrùn tí wọ́n dárúkọ kì í pa ẹyẹ. Àrùn mìíràn wà tó máa ń pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹyẹ emu, tó dà bí ògòǹgò, ni ì bá kọ́kọ́ kú bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ara àwọn emu rẹ̀ sì le koko. Ó pariwo títí wọ́n fi tún àyẹ̀wò ṣe. West Nile ni, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda ní 1937, tí kò dé Amẹ́ríkà rí. Èèyàn méje ló bá a lọ lọ́dún náà. Bí kò bá sí ẹni tó ń ka òkú ẹyẹ nínú ọgbà ẹranko, yóò pẹ́ sí i kí wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n.

Ológbò, erin Islamabad, àti àgùnfọn Copenhagen

Ó wá kan apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ hádíìsì tó wà nínú Bukhari àti Muslim, níbi tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ nípa obìnrin tí ìyà tọ́ sí nítorí ológbò. Ẹ kíyè sí ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ológbò mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Àwọn onímímọ̀ yọ ọ́ jáde nínú rẹ̀ pé títọ́jú ẹranko nínú ilé kì í ṣe èèwọ̀ fúnra rẹ̀, bí oúnjẹ àti omi bá wà. Ẹni tó bá ti ti ilẹ̀kùn, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹranko náà ì bá wá fúnra rẹ̀ wà.

Ilé ẹjọ́ kan ní Pakistan mú ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́. Ní 1985, ìjọba Sri Lanka fi erin kékeré kan tó ń jẹ́ Kaavan ta Pakistan lọ́rẹ. Ọgbà ẹranko Islamabad ni wọ́n fi í sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, nígbà tó sì di 2012, abo erin tó ń bá a gbé kú, ó wá ku òun nìkan. Erin kì í dá gbé; agboolé ni ìgbésí ayé wọn. Ńṣe ló máa ń dúró síbi kan tí á máa mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹranko tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà wọn mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti dàrú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Islamabad pàṣẹ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, adájọ́ sì tọ́ka sí Àlùkùráánì àti hádíìsì nínú ìdájọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Cambodia. Níbẹ̀ ló ti na ọwọ́ìjà rẹ̀ kan erin mìíràn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ti ọgbà ẹranko Islamabad pa.

Àìbìkítà ló fa ti Kaavan, ó rọrùn láti bá a wí. Èyí tó le ni ti Copenhagen, nítorí pé ọgbà tó gbajúmọ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n yìnbọn pa akọ àgùnfọn kan tó ń jẹ́ Marius níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìwé ìran tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ ti pọ̀ jù láàárín àwọn àgùnfọn Yúróòpù. Wọ́n kun ún níwájú èrò, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì fi ẹran rẹ̀ bọ́ kìnìún. Àwọn alákòóso ọgbà náà sọ pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni àwọn ṣe, wọn ò sì purọ́ lórí ìwé ìran. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbà mìíràn ti ní àwọn á gbà á. Lójú tiwa, ẹni tó bá mú ẹranko bímọ nítorí kí ìran má bàa parẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé akọ á pọ̀ jù nígbà mìíràn. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ dàgbà ló máa wá ronú ibi tí yóò gbé e sí.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, kìnìún kan jáde nínú àgò rẹ̀ ní ọgbà ẹranko Jos, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnìún kan ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó fẹ́ fún un lóúnjẹ. Wọ́n pa kìnìún náà. A gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun rọ ìdílé ẹni náà lójú. Kìnìún ń jẹ ẹran lójoojúmọ́, ẹran sì ti wọ́n ju ohun tí owó ẹnu ọ̀nà lè rà. Irin ń dípẹtà, ilẹ̀kùn ń gbó, ẹ̀rọ omi ń bàjẹ́. Ọgbà tí kò bá lówó láti bọ́ kìnìún kò gbọ́dọ̀ ní kìnìún. Ó sàn kí ó ní ìjàpá, ọ̀nì kékeré, ẹyẹ àti ẹtu ilẹ̀ wa, tó lè tọ́jú dáadáa, tí àwọn ọmọ wa kò sì mọ̀ mọ́ ju orúkọ wọn nínú àlọ́ lọ.

Bí ẹ bá kó ọmọ lọ

A kò sọ pé kí ẹ má lọ. Ọmọ tí kò bá rí erin rí, ó ṣòro kó dàgbà di ẹni tó máa dí ọ̀nà fún ẹni tó ń pa erin nítorí eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lajú yín. Ṣé ibòji wà nínú ibùgbé ẹranko, ṣé omi inú ọpọ́n mọ́? Àwọn ẹranko tó ń gbé ní agbo, bíi ọ̀bọ, ṣé wọ́n ní ẹgbẹ́ ni, àbí ẹyọ kan ló jókòó síbẹ̀? Ṣé ó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà bí ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn? Ẹ gba ẹ̀pà àti búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ tó wọlé, àti ọ̀rá pẹ̀lú, nítorí ẹranko tó bá gbé ọ̀rá mì, ìfun rẹ̀ lè dí pa.

Kí ẹ sì wá òṣìṣẹ́ kan, kí ẹ kí i, kí ẹ béèrè ibi tí ẹranko náà ti wá: ṣé inú ọgbà ni wọ́n ti bí i, ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọdẹ ni, ṣé inú igbó ni wọ́n ti mú un. Ẹ béèrè bóyá ó ti bímọ, àti ibi tí àwọn ọmọ náà wà. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn, inú ọ̀pọ̀ wọn tiẹ̀ máa ń dùn pé ẹnì kan béèrè.